Ìjọ Àgùdà, ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin, àti bí a ṣe ń bá ara wa gbé ní Èkìtì: ìbéèrè àti ìdáhùn

Láti oṣù Kejìlá ọdún 2023, nígbà tí ìwé kan jáde ní Róòmù lórí àdúrà ìsúre fún ọkùnrin méjì tàbí obìnrin méjì tó ń gbé pọ̀, tí ariwo rẹ̀ sì gba gbogbo ayé kan, ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò nílẹ̀ mọ́ níbi tí mo ti ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ ní Adó-Èkìtì. Àwọn tó ń múra ìgbéyàwó ń bi mí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó ń gbé ní Ìwọ̀rọ̀kò ń bi mí. Àwọn màmá wa nínú ẹgbẹ́ obìnrin Àgùdà a máa dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà lẹ́yìn Mísà, wọ́n á wo ọ̀tún, wọ́n á wo òsì, kí wọ́n tó la ẹnu. Èmi kì í ṣe àlùfáà. Olùkọ́ ni mí, mo láya, mo sì bímọ. Mo kó àwọn ìbéèrè náà jọ síbí bí wọ́n ṣe bi mí wọn. Ibi tó bá ti jẹ́ ẹ̀kọ́ Ìjọ ni mo ń sọ, n ó sọ pé ẹ̀kọ́ Ìjọ ni. Ibi tó bá jẹ́ èrò tèmi, n kò ní fi Ìjọ bojú.

Kí ni Ìjọ Àgùdà gbà pé ìgbéyàwó jẹ́?

Ọkùnrin kan, obìnrin kan, títí ikú yóò fi yà wọ́n, pẹ̀lú ọkàn tó ṣí sílẹ̀ láti gba ọmọ tí Ọlọ́run bá fún wọn. Jẹ́nẹ́sísì orí 2 ni a ti kọ́kọ́ kà á. Jésù fúnra rẹ̀ tún un sọ nínú Mátíù orí 19, nígbà tí àwọn Farisí wá fi ọ̀rọ̀ ìkọ̀sílẹ̀ dán an wò. Òfin Ìjọ, ní Canon 1055, gbé e kalẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, Ìjọ kò ní ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin tàbí obìnrin sí obìnrin tó lè fún ẹnikẹ́ni. Ìjọ gbà pé òun kọ́ ni òun dá ìgbéyàwó sílẹ̀, òun kò sì láṣẹ láti yí i padà.

Ohun tí àwọn ènìyàn wa máa ń gbàgbé ni pé ẹ̀kọ́ kan náà yìí ni kò jẹ́ kí Fadá so ọkùnrin tó ní ìyàwó ní Ìkéré pọ̀ mọ́ ìyàwó kejì tó fẹ́ gbé sí Àkúrẹ́. Òun náà ni kò jẹ́ kí ẹni tí aya tó gbé ní ṣọ́ọ̀ṣì ṣì wà láàyè tún ṣe ìgbéyàwó mìíràn níwájú pẹpẹ, àfi tí ilé ẹjọ́ Ìjọ bá rí i pé ti àkọ́kọ́ kò fìdí múlẹ̀ rí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọkùnrin Ìkéré yẹn sọ́kàn, a ó padà sọ́dọ̀ rẹ̀.

Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ọkàn ọkùnrin máa fà sí ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀?

Ìwé Kátíkísìmù, ìyẹn ìwé tó kó ẹ̀kọ́ Ìjọ jọ, tí Póòpù John Paul Kejì gbé jáde ní 1992, sọ̀rọ̀ lé e lórí ní ìpínrọ̀ mẹ́ta: 2357, 2358 àti 2359. Ó ya ohun méjì sọ́tọ̀. Ìbálòpọ̀ láàrin ọkùnrin àti ọkùnrin, tàbí obìnrin àti obìnrin, Ìjọ kà á sí ẹ̀ṣẹ̀. Ó ní ó lòdì sí bí a ṣe dá ènìyàn, kò sì ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún ìwàláàyè tuntun. Ṣùgbọ́n kí ọkàn máa fà lásán, láìjẹ́ pé ẹni náà yàn án fúnra rẹ̀, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tí a mọ̀, tí a sì fẹ́, tí a wá ṣe, ni ẹ̀ṣẹ̀.

N kò ní fi bò pé ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tó ń dun ọ̀pọ̀ ènìyàn. Kátíkísìmù ní ìfà ọkàn náà kò sí létò. Èdè àwọn onímọ̀ ẹ̀kọ́ Ìjọ nìyẹn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kò dorí kọ ibi tí Ìjọ gbà pé ìbálòpọ̀ ń lọ, ìyẹn ìgbéyàwó àti ọmọ bíbí. Kò ní ẹni náà bàjẹ́, kò sì ní orí rẹ̀ dàrú. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan sọ fún mi pé òun ka ìpínrọ̀ 2357 lórí fóònù, òun sì pa á dé nítorí ojú òun ti ń ṣomi. Kò dé 2358 rárá. Bẹ́ẹ̀, 2358 ló ní kí a gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, tàánútàánú, kí a sì máa kíyè sí bí ọ̀rọ̀ ṣe ń rí lára rẹ̀. Ó ní kí a yẹra fún ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà tí kò tọ́ sí i, bó ti wù kó kéré mọ. 2359 wá pè é sí ìwà mímọ́ nínú ara. Ìpè yẹn kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Èmi tí mo láya, ọmọge tí kò tíì lọ́kọ, opó, Fadá tó jẹ́jẹ̀ẹ́, gbogbo wa ni a pè, kálukú ní ipò tirẹ̀, kò sì rọrùn fún ẹnikẹ́ni nínú wa.

Ṣé lóòótọ́ ni Póòpù Francis ní kí àwọn àlùfáà máa so ọkùnrin méjì pọ̀?

Rárá o. Ẹ jẹ́ kí n tò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀, nítorí ohun tó dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ wa lórí WhatsApp yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n kọ.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2021, ọ́fíìsì tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ ní Róòmù dáhùn ìbéèrè kan pé Ìjọ kò ní agbára láti súre fún àjọṣe ọkùnrin sí ọkùnrin tàbí obìnrin sí obìnrin. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá 2023, ọ́fíìsì kan náà, lábẹ́ Kádínà Víctor Manuel Fernández, gbé ìwé mìíràn jáde, Fiducia Supplicans, Póòpù Francis sì fọwọ́ sí i. Ìwé náà tún un tẹnu mọ́ pé ẹ̀kọ́ lórí ìgbéyàwó dúró bó ṣe wà. Ohun tuntun ibẹ̀ ni pé bí ẹni méjì tí ìgbé ayé wọn kò bá òfin Ìjọ mu bá tọ àlùfáà wá pé kó gbàdúrà fún àwọn, ó lè ṣe àdúrà ráńpẹ́ kí Ọlọ́run ràn wọ́n lọ́wọ́. Ọkùnrin àti obìnrin tó ń gbé pọ̀ láìṣe ìgbéyàwó wà lára wọn. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin méjì nìkan kọ́. Kò gbọ́dọ̀ ní ìlànà ìsìn, kò gbọ́dọ̀ bá ọjọ́ ìgbéyàwó ìjọba wọn pọ̀, kò sì gbọ́dọ̀ sí aṣọ tàbí ìṣesí kankan tó jọ ti ìgbéyàwó. Nígbà tí ariwo pọ̀, ọ́fíìsì náà tún ṣàlàyé ní ọjọ́ 4 oṣù Kìíní 2024 pé àdúrà ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 15 ni àwọn ń sọ, àti pé kò túmọ̀ sí pé a fọwọ́ sí bí wọ́n ṣe ń gbé.

Nílẹ̀ wa ńkọ́? Kí ọdún 2023 tó parí, àwọn bíṣọ́ọ̀bù Nàìjíríà ti sọ pé kò sí àyè láti súre fún irú àjọṣe bẹ́ẹ̀ nínú Ìjọ ní Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kìíní 2024, Kádínà Fridolin Ambongo ti Kinshasa, tó jẹ́ olórí àpapọ̀ àwọn bíṣọ́ọ̀bù Áfíríkà, kéde ohun kan náà fún gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà.

Ṣé Ìjọ ti wá pín sí méjì nìyẹn?

Kò pín. Ambongo lọ bá Póòpù ní Róòmù kó tó kéde, ó bá Kádínà Fernández náà jókòó, ìkéde wọn sì sọ ọ́ kedere pé àwọn ṣì wà ní ìṣọ̀kan pẹ̀lú Póòpù. Lẹ́yìn tí Francis kú ní oṣù Kẹrin 2025, Póòpù Leo Kẹrìnlá tó gorí àga lẹ́yìn rẹ̀ sọ fún àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè ní ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún pé orí ìṣọ̀kan ọkùnrin àti obìnrin tí kò yẹsẹ̀ ni ìdílé dúró lé.

Èrò tèmi ni pé àwọn bíṣọ́ọ̀bù wa tọ̀nà. Ní Èkìtì níbí, bí àlùfáà bá gbé ọwọ́ lé ẹni méjì lórí nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tó ń ta ọsàn lẹ́nu géètì yóò rò pé ìgbéyàwó ni. Kò sí àlàyé ìṣẹ́jú àáyá 15 tó máa bá a dé ilé.

Kí ni òfin Nàìjíríà sọ?

Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí òfin tó ka ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin àti obìnrin sí obìnrin léèwọ̀ ní oṣù Kìíní 2014, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin ọdún 2013 ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá ṣe irú ìgbéyàwó náà, ẹ̀wọ̀n ọdún 14. Ẹni tó bá so wọ́n pọ̀, tó ṣe ẹlẹ́rìí, tàbí tó ràn wọ́n lọ́wọ́ níbẹ̀, ọdún 10. Ẹni tó bá dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ tàbí tó wà nínú rẹ̀, ọdún 10 bákan náà. Ẹni tó bá sì fi irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba wà lábẹ́ ìyà kan náà. Kí òfin yìí tó dé, òfin ìwà ọ̀daràn tí a jogún lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti wà, èyí tó fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 sórí ìbálòpọ̀ ọkùnrin sí ọkùnrin ní abala 214.

Ohun tí òfin kò sọ náà ṣe pàtàkì. Kò ní kí ẹnikẹ́ni gba fóònù ọmọ ọlọ́mọ yẹ̀ wò. Kò ní kí a lu ẹnikẹ́ni. Kò sọ ìfà ọkàn di ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn. Ìwé òfin àgbà orílẹ̀-èdè wa ti 1999 sì ní, ní abala 36, pé ẹni tí a fẹ̀sùn kàn kò jẹ̀bi títí ilé ẹjọ́ yóò fi dá a lẹ́bi; ní abala 37, pé ilé ẹni àti ọ̀rọ̀ àṣírí ẹni kì í ṣe ìta gbangba.

Ẹ̀yin náà ti ní ẹ̀ṣẹ̀ ni. Kí ló wá burú nínú kí ìjọba jù wọ́n sẹ́wọ̀n?

Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ kí a fara balẹ̀ sí jù.

Ní oṣù Kìíní 2023, Póòpù Francis sọ fún ilé iṣẹ́ ìròyìn Associated Press pé kí ènìyàn jẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìwà ọ̀daràn. Ó mọ̀ pé ẹnìkan máa ní, ẹ̀ṣẹ̀ ṣáà ni. Ó ní ó dáa, ṣùgbọ́n kí a kọ́kọ́ ya ẹ̀ṣẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ìwà ọ̀daràn. Ó sì ní kí a má nífẹ̀ẹ́ ọmọnìkejì wa, ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn náà. Ní oṣù Kejì, nínú ọkọ̀ òfúrufú tó gbé e bọ̀ láti Gúúsù Sudan, ó tún ọ̀rọ̀ náà sọ. Justin Welby, olórí ìjọ Áńgílíkà nígbà náà, àti Iain Greenshields ti ìjọ Scotland wà pẹ̀lú rẹ̀, àwọn méjèèjì sì gbè é lẹ́yìn.

Àwọn kan ní Francis ló mú àṣà tuntun wọlé. Ní oṣù Kejìlá 2008, nígbà tí Benedict Kẹrìndínlógún wà lórí àga, aṣojú Vatican sọ fún àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé pé kí àwọn orílẹ̀-èdè mú ìyà ọ̀daràn kúrò lórí irú àwọn ènìyàn yìí. Benedict yìí kan náà, nígbà tó ṣì ń jẹ́ Kádínà Ratzinger, ló kọ lẹ́tà ọdún 1986 tó fi ẹ̀kọ́ Ìjọ lórí ìbálòpọ̀ múlẹ̀ gbọin-gbọin. Nínú lẹ́tà kan náà ló ti bu ẹnu àtẹ́ lu fífi ọ̀rọ̀ ẹnu tàbí ọwọ́ ṣe wọ́n níjàǹbá, ó sì ní kí àwọn olùṣọ́ àgùntàn Ìjọ dá a lẹ́bi níbikíbi tó bá ti ṣẹlẹ̀. Tí a bá sì fẹ́ padà sẹ́yìn jù bẹ́ẹ̀ lọ, Thomas Aquinas Mímọ́, àgbà onímọ̀ ẹ̀kọ́ Ìjọ, ti kọ ọ́ ní nǹkan bí ọdún 750 sẹ́yìn pé òfin ènìyàn kò sí fún gbogbo ẹ̀ṣẹ̀. Èyí tó wúwo tí ọ̀pọ̀ ènìyàn lè yẹra fún ló wà fún, pàápàá èyí tó ń pa ẹlòmíràn lára, bí ìpànìyàn àti olè jíjà.

Ẹ wá jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ọkùnrin Ìkéré wa. Ó ti gbé ìyàwó kejì sí Àkúrẹ́. Ìjọ ní ohun tó ṣe kò tọ́, kò sì lè gba Ara Olúwa bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ìgbéyàwó òfin ló kọ́kọ́ ṣe, tó wá lọ tún òmíràn ṣe ní kóòtù, abala 370 òfin ìwà ọ̀daràn wa ní kó lọ ṣẹ̀wọ̀n ọdún 7. Ta ló ti gbé taya kọ́ ọ lọ́rùn rí? Ta ló ti lọ fọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ lóru? À ń jẹ iyán nílé rẹ̀ lọ́jọ́ ọdún, à ń pè é ní Bàbá, iwájú ni à ń fi í jókòó sí níbi ìnáwó. Àwa ará Èkìtì mọ bí a ṣe ń kọ ohun kan ká má kọ ẹni tó ń ṣe é. A ti ń ṣe é fún ọkùnrin Ìkéré láti ayébáyé. Ohun tí mo ń bẹ̀ fún ni pé ká na ọwọ́ ọgbọ́n yẹn dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀ kì í ṣe irú tiwa.

N kò ní pa ibì kan mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí Jonathan fọwọ́ sí òfin yẹn ní 2014, àwọn bíṣọ́ọ̀bù wa yìn ín. Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Ignatius Kaigama, tó jẹ́ olórí àpéjọ wọn nígbà náà, kọ̀wé sí ààrẹ láti kí i. Ìgbéyàwó ni wọ́n fẹ́ dáàbò bò, mo sì wà lẹ́yìn wọn pátápátá níbẹ̀: kí ìjọba má pe ohun tí kì í ṣe ìgbéyàwó ní ìgbéyàwó. Ṣùgbọ́n kí a wá fi ẹni méjì sẹ́wọ̀n ọdún 14, n kò rí ibi tí ìyẹn ti dáàbò bo ìgbéyàwó tèmi. Ní oṣù Kẹrin 2024, ìwé Dignitas Infinita láti Róòmù sọ pé ó lòdì sí iyì ènìyàn pé àwọn ibì kan wà tí wọ́n ti ń fi ènìyàn sẹ́wọ̀n, tí wọ́n ń dá a lóró, tí wọ́n tilẹ̀ ń pa á, kìkì nítorí ibi tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí.

Ohun kan tún wà tí mo máa ń rò. Púpọ̀ nínú àwọn Fadá ẹgbẹ́ SMA (ẹgbẹ́ àwọn míṣọ́nnárì Àgùdà fún ilẹ̀ Áfíríkà) tó gbé ìgbàgbọ́ Àgùdà wá sí ilẹ̀ Oǹdó àti Èkìtì, ọmọ Ireland ni wọ́n. Patrick Mímọ́, bàbá ìgbàgbọ́ wọn, ni kàtídírà wa ní Adó ń jẹ́ títí dòní. Òfin Ireland ka ìbálòpọ̀ ọkùnrin sí ọkùnrin sí ìwà ọ̀daràn títí di 1993. Ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún 2015, ọdún 22 péré lẹ́yìn náà, wọ́n dìbò lórí ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin, ènìyàn 62 nínú 100 sì ní àwọn fẹ́ ẹ. Gbogbo ọdún tí ọlọ́pàá fi ṣọ́ ẹ̀kọ́ yẹn fún Ìjọ, kò wọ ọkàn àwọn ọmọ. Iṣẹ́ tó yẹ kí òbí àti olùkọ́ bíi tèmi fi ẹnu àti ìwà ṣe, ọlọ́pàá kò lè bá wa ṣe é.

Ọmọ mi ọkùnrin sọ fún mi pé bẹ́ẹ̀ ni òun rí. Ṣé kí n lé e jáde nílé?

Ẹ má lé e, Mà.

Ìyá tó bi mí léèrè yìí ti di ẹrù ọmọ náà sínú Ghana-must-go kó tó wá bá mi. Bàbá ọmọ ló ní òun kò fẹ́ rí i mọ́ tí ilẹ̀ bá fi ṣú. Mo bi ìyá pé níbo ni ọmọ náà máa sùn. Kò mọ̀. Ọmọ ọdún 19. Èmi àti ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọ náà, màmá àgbà kan tó jẹ́ ọmọ ìjọ Áńgílíkà, la jọ lọ bá bàbá nílé. Mo ti kó gbogbo ìpínrọ̀ Kátíkísìmù jọ sẹ́nu, n kò tíì sọ ẹyọ kan tí màmá fi dá mi lẹ́kun. Wọ́n ní, "Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Ta lo fẹ́ fi ìlẹ̀kẹ̀ náà sí ní ìdí?" Bàbá kò dáhùn. Ó ṣe díẹ̀, ó ní kí ìyàwó rẹ̀ lọ tú ẹrù.

Àwọn ohun kan tí mo bẹ̀ yín pé kí ẹ má ṣe. Ẹ má gbé e lọ sí ilé àdúrà tí wọ́n ti ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ so ènìyàn mọ́lẹ̀, tí wọ́n ń fi pàṣán lé ẹ̀mí jáde; Ìjọ kò kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Ẹ má sáré wá ìyàwó fún un pé ìyẹn ló máa wò ó sàn. Ọmọbìnrin tí ẹ máa fà sínú ọ̀rọ̀ náà, ẹnìkan ló bí òun náà, Canon 1103 sì sọ pé ìgbéyàwó tí a fi ipá tàbí ẹ̀rù ńlá ṣe kì í ṣe ìgbéyàwó rárá. Ẹ má kéde rẹ̀ níbi ìpàdé ẹbí. Ó fọkàn tán yín kó tó sọ ọ́.

Ẹ lè sọ fún un pé ẹ kò fara mọ́ ọn. Ẹ lè kọ́ ọ ní ohun tí Ìjọ wí. Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, a ó fi tòsì fà á mọ́ra. Ọ̀pọ̀ òbí tó wá bá mi, ọ̀tún nìkan ni wọ́n rántí.

Àdúgbò ń sọ pé ọkùnrin ni ọ̀kan nínú àwọn ayálégbé mi ń bá lò. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé kí ni ẹ rí. Kátíkísìmù ní ìpínrọ̀ 2477 ka ẹ̀ṣẹ̀ mẹ́ta tí a ń dá sí orúkọ ẹlòmíràn: kí a gba ohun burúkú gbọ́ nípa rẹ̀ láìní ẹ̀rí tó tó, kí a tú àṣìṣe rẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀ láìnídìí, kí a purọ́ mọ́ ọn. Nínú ọ̀rọ̀ àdúgbò bí èyí, a lè dá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí agogo mẹ́wàá àárọ̀ tó lù. Tí ẹni náà bá ń san owó ilé rẹ̀, tí kò ba nǹkan jẹ́, tí kò pa ẹnikẹ́ni lára, kò sí ohun tí ìgbàgbọ́ yín ní kí ẹ ṣe fún un ju kí ẹ máa kí i lọ. Ẹ sì ṣọ́ra fún àwọn ọmọ ìta tó ń fi fóònù tan irú wọn jáde, tí wọ́n á lù wọ́n, tí wọ́n á gbowó lọ́wọ́ wọn pé àwọn máa tú u síta. "Kito" ni àwọn ọ̀dọ́ ń pè é. Olè ni, orúkọ Ọlọ́run tí wọ́n ń dà bò ó kò sì sọ ọ́ di nǹkan mìíràn.

Ọ̀rọ̀ yìí ní ọgbẹ́ tirẹ̀ lára mi. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo wà lórí ọ̀kadà nígbà tí mo rí èrò tó yí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì ká, wọ́n ń gbá wọn létí. Orí bẹ́ẹ̀dì kan ni wọ́n bá àwọn méjèèjì, ìyẹn ni gbogbo ẹ̀sùn. Ẹ ṣáà mọ bí owó ilé ṣe rí fún ọmọ ilé ìwé. Mélòó nínú wa ni kò fi àpótí ṣe ìrọ̀rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹlòmíràn nígbà tiwa? Mo mọ ohun tó yẹ kí n ṣe. N kò ní kí ọlọ́kadà dúró. Mo ti jẹ́wọ́ rẹ̀ fún Fadá, ó sì ti dárí jì mí lórúkọ Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ojú ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà kò tíì kúrò níwájú mi.

Èmi gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí, ọmọ Ìjọ sì ni mí. Ṣé mo ṣì lè máa wá sí Mísà?

Máa bọ̀. Ọjọ́ Ìsinmi yìí gan-an, máa bọ̀. Ìbatisí rẹ kò parẹ́. Tí o bá ti ṣubú, ọ̀nà ìjẹ́wọ́ tí èmi ń gbà ni ìwọ náà máa gbà, kò sí ìlà tirẹ lọ́tọ̀. Tí o kò bá tíì ṣubú, tí ẹrù náà kàn ń wọ̀ ọ́ lọ́rùn, kò sí ohun tí o fẹ́ jẹ́wọ́ nínú ìyẹn. N kò ní parọ́ fún ọ pé ohun tí Ìjọ ń béèrè lọ́wọ́ rẹ kò nira. Ó nira gan-an, ẹni tó bá sì gbé e kalẹ̀ fún ọ láìfi ọ̀rẹ́, ilé àti oúnjẹ tì í, ó ti di ẹrù lé ọ lórí láì fún ọ ní òṣùká.

Tí a bá ní ká fara dà wọ́n, ṣé àwọn náà máa fara dà wá?

Ìbéèrè tó tọ́ ni. Àwọn Àgùdà kan wà ní òkè òkun tí wọ́n ń bẹ̀rù láti sọ níbi iṣẹ́ pé ọkùnrin àti obìnrin ni àwọn gbà pé ìgbéyàwó wà fún. Ìyẹn náà kò dáa. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá 1965, àpérò Vatican Kejì, ìpàdé ńlá àwọn bíṣọ́ọ̀bù gbogbo ayé, fọwọ́ sí ìwé Dignitatis Humanae, tó ní kí a má fi ipá mú ẹnikẹ́ni lòdì sí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Ẹ̀tọ́ yẹn ni mo fi ń béèrè pé kí wọ́n jẹ́ kí n kọ́ ọmọ mi ní ohun tí mo gbà gbọ́, kí wọ́n má sì pè mí ní ọ̀tá nítorí rẹ̀. Mi ò lè máa béèrè rẹ̀ ní London kí n máa fi du ẹlòmíràn ní Adó.

Ìfaradà yàtọ̀ sí ìfaramọ́. Nínú agbo ilé tí wọ́n ti bí mi, Àgùdà wà, Áńgílíkà wà, ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì wà, Mùsùlùmí wà, bàbá kan sì wà tí kò fi egúngún sílẹ̀ títí ó fi kú. Kò sí èyí tó gbà pé ti ẹnìkejì tọ̀nà. Bàbá Àgùdà kò jẹ nínú ohun ìrúbọ, ìyàwó Mùsùlùmí kò fẹnu kan ẹlẹ́dẹ̀ Kérésì, a sì jọ gbẹ́ ilẹ̀ òkú ara wa. Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra.

Ọmọ mi tó wà ní Canada fẹ́ fẹ́ obìnrin bíi tirẹ̀. Ṣé kí n lọ?

Òfin Canada ti gba irú rẹ̀ láyè láti 2005, àwọn ọmọ Èkìtì sì pọ̀ níbẹ̀. Àwọn àlùfáà púpọ̀ máa gbà yín níyànjú pé kí ẹ má jókòó síbi ayẹyẹ náà, kó má baà dà bí ẹni pé ẹ jẹ́rìí sí i. Èmi náà kò ní lọ síbi ayẹyẹ. Ṣùgbọ́n n ó pè é ṣáájú, n ó sọ ìdí rẹ̀ fún un fúnra mi, n kò ní rán ẹnikẹ́ni sí i. N ó sì tún pè é lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Tó bá wálé, yàrá rẹ̀ wà níbẹ̀.

Níbo ni mo ti lè bá ẹnìkan sọ ọ́ ní ìkọ̀kọ̀?

Ẹ lọ bá Fadá fún ìjẹ́wọ́. Canon 983 kò gbà á láyè láti tú ohun tó gbọ́ níbẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ì báà ṣe bíṣọ́ọ̀bù, ọlọ́pàá tàbí òbí yín. Kò pọn dandan kó jẹ́ Fadá ìjọ yín. Tí ẹ bá ń gbé ní Ìdó tí ojú ń tì yín, ẹ wọkọ̀ wá sí Adó níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ yín, kí ẹ béèrè àkókò tí wọ́n ń gbọ́ ìjẹ́wọ́.